Ẹni Tó Ya Àpọ́nlé

Rauf,

Ìyá Àpọ́nlé ti Jójú wá láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ wo àwòrán ọmọ rẹ̀ tó kú. Nígbà tó rí bí o ṣe rọra fi pẹ́ńsù mú abẹ́ ojú ọmọ náà dúdú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ta ló yà á?" Mo ní èmi ni. Ó dì mọ́ mi.

Ìlara ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú, ọwọ́ mi ò sì lè ṣe ìdajì èyí.

Mo ti lọ síbi iṣẹ́ mi ní kọ́ńpìnnì. Fi férémù sí i. Aago mẹ́rin ni ìyá náà ń bọ̀ wá gbé e. Sọ òótọ́ fún un, èmi ò lè wo ojú ẹ̀.

Tọ́yìbát