Ọwọ́ Tí Ń Pa Ìlà Rẹ́ Lára Mọ́tò: Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà Ọlágúnjú Ọlánípẹ̀kun (1931–1996)

Ìlú Ọ̀mù-Àrán ni a ti bí Alàgbà Ọlágúnjú Ọlánípẹ̀kun lọ́dún 1931, ní agboolé Ọlánípẹ̀kun. Samuel Ọlánípẹ̀kun, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Ìyá wọn ni Ràfátù, ọmọ ìlú Share, tó máa ń ru ẹja gbígbẹ wá tà ní ọjà Ọ̀mù kí Bàbá Samuel tó fi ọ̀rọ̀ dídùn dá a dúró. Ìyá ń kírun, Bàbá Samuel ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwo kan náà ni wọ́n sì jọ fi ń jẹun. Ọmọ méjì péré ló yè fún wọn. Bàbá wa ni àkọ́bí. Barnabas, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kàdúná, ni èkejì, ọdún márùn-ún ló sì wà láàárín wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Bàbá Kàdúná sọ́kàn, nítorí kò síbi tí ìtàn Bàbá wa dé tí wọn kò sí níbẹ̀.

Ní 1939 ni Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ìjọ, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà yanjú ní 1946. Ìgbà tó kan àbúrò wọn ni Bàbá Samuel sọ pé oko òun lè rán ọmọ kan lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé orí Barnabas ló sì gbàwé jù. Àkọ́bí gbé ọkọ́, àbúrò gbé báàgì. Ọjọ́ yẹn ni owú ti bẹ̀rẹ̀. Owú ni, a kò ní fi orúkọ mìíràn pè é, nítorí Bàbá fúnra wọn ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Bàbá wa sanra dáadáa, owú wọn kò sì kéré.

Lọ́dún 1952, Bàbá wọ lọ́rì lọ sí Èkó, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ kíkun mọ́tò ní Èbúté Mẹ́ta. Ní 1958 ni wọ́n gbé Màmá wa, Helen, ọmọ Àrán-Ọ̀rin, níyàwó. Nígbà tó di 1974, tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí mọ́tò tuntun ń sọ̀ kalẹ̀ ní Àpápá lójoojúmọ́, iléeṣẹ́ kan tó ń ta mọ́tò gba Bàbá síṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ẹ wo mọ́tò dúdú nínú oòrùn, ẹ ó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yípo lára ọ̀dà rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn. Eruku tí a fi àkísà gbígbẹ nù ló ń fà á. Àwọn tí ń fọ mọ́tò a máa fi òróró bò ó mọ́lẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, á tún yọjú. Bàbá wa kì í bo nǹkan kan. Wọ́n á kọ́kọ́ da omi lé e títí iyanrìn yóò fi ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á mú aṣọ rírọ̀, wọ́n á fi pólíìṣì tó kúnná sí ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n á sì máa fà á ní gbọọrọ títí ojú ọ̀dà yóò fi tẹ́jú. Iwájú mọ́tò nìkan lè gba òwúrọ̀ kan gbáko. Nígbà tí wọ́n bá rò pé ó parí, wọ́n á tì í sínú oòrùn, wọ́n á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wò ó. Bí ìlà kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù, wọ́n á tún padà sídìí rẹ̀. Onídíńgí ni àwọn oníbàárà sọ wọ́n, nítorí ènìyàn lè wo ara mọ́tò tí wọ́n bá ṣe wé gèlè. Ohun kan ló ń dùn wọ́n: ọlá ẹlòmíràn ni wọ́n ń tún ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1977, Bàbá wọ ọkọ̀ akérò wá sílé fún Kérésì, wọ́n ru àpò ìrẹsì kan, wọ́n sì ra aṣọ fún Ìyá Ràfátù. Ìyá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní káàbọ̀, wọ́n bèèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ọjọ́ kejì ni Bàbá Kàdúná, tó ti di ọ̀gá ní báǹkì kan ní Kàdúná nígbà náà, wa Pijó 504 dúdú tuntun wọ agboolé. Ọyẹ́ mú, eruku bo mọ́tò náà láti òkè délẹ̀. Ìyá sáré jáde láti ibi ààrò láìwọ bàtà, wọ́n tú ìró òkè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu mọ́tò náà: iwájú rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀, títí dé táyà, wọ́n ń ki Barnabas, omijé ń bọ́. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí mọ́tò ọmọ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ìyá ní láti nu ojú rẹ̀. Bàbá wa dúró ti ògiri, wọ́n ń wò ó, ó sì dùn wọ́n dé egungun. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n, ìyá wọn kò sì fi aṣọ ara rẹ̀ nu nǹkan kan tó jẹ́ tiwọn rí.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, àwọn ará ilé lọ kí ìyàwó tuntun kan ní agboolé kejì. Bàbá wa nìkan ló kù sílé. Wọ́n mú àkísà gbígbẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn àgbàlá, wọ́n sì fi nu iwájú mọ́tò àbúrò wọn yípo-yípo, tagbára-tagbára, títí kò fi síbi tí ìlà kò dé. Wọ́n mọ bí a ṣe ń pa á rẹ́, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń fà á.

Nígbà tí Bàbá Kàdúná dé, oòrùn ń mú lára mọ́tò náà, gbogbo rẹ̀ sì hàn kedere. Wọ́n bèèrè ohun tó ṣe é. Gbogbo ojú yí sí Bàbá wa, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Bàbá tẹ̀ kọ́rọ́ wò ó bí dókítà tó ń wo aláìsàn, wọ́n ní, “Ìró Ìyá ni. Eruku ọyẹ́, a kì í fi aṣọ gbígbẹ nù ún.”

Bàbá Kàdúná kò pariwo. Wọ́n kàn ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.”

Ìyá ní, “Mi ò mọ̀ ni, ọmọ mi. Ayọ̀ ló pọ̀ lápọ̀jù.”

Bàbá wa fi ọjọ́ méjì gbáko pa àwọn ìlà náà rẹ́ lójú gbogbo agboolé. Àwọn ènìyàn ń yìn wọ́n, Bàbá Kàdúná sì dì mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: inú Bàbá wa dùn, ó dùn gan-an.

Nígbà tó di Àjíǹde 1979, Bàbá wa ra Dátsun tiwọn. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Wọ́n wà á láti Èkó, wọ́n dúró sí iwájú ilé, wọ́n tẹ fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá jáde, wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n sì yí mọ́tò náà ká. Ẹ̀yìn ni wọ́n káwọ́ sí. Bàbá ní, “Ìyá, ẹ fọwọ́ kàn án.”

Ìyá ní, “Ọlágúnjú, o ti ṣe làálàá lórí ẹ̀ jù. Má jẹ́ kí n bà á jẹ́ fún ẹ.”

“Ẹ ò lè bà á jẹ́, Ìyá.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣebí ìwọ náà lo sọ ọ́.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Bàbá wa kò jẹ́wọ́. Wọ́n pọn omi, wọ́n sì fọ eruku ọ̀nà kúrò lára Dátsun náà fúnra wọn.

Ní 1984, nígbà tí nǹkan le káàkiri, iléeṣẹ́ Àpápá kógbá wọlé, Bàbá sì padà sí Ọ̀mù pẹ̀lú Màmá wa àti àwọn ọmọ. Wọ́n pàgọ́ iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà Àrándùn. Ta ló ń wá dídán mọ́tò nígbà tí kò rí táyà rà? Mọ́tò ìyàwó àti mọ́tò agbókùú ló kù. Wọ́n ní láti ta Dátsun náà ní 1985. Ní 1986 ni Ìyá Ràfátù kú, láìfi ọwọ́ kan mọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọdún 1977.

Ìjọ fi Bàbá joyè Alàgbà ní 1988. Wọ́n kọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Ọ̀mù bí a ṣe ń fọ mọ́tò, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Wọ́n lè jáde láàárín ìwàásù bí wọ́n bá rí ẹni tó ń fi ìka kọ̀wé sára mọ́tò elérùpẹ̀. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n, àfi bí a bá dárúkọ Kàdúná. Bí Bàbá Kàdúná bá fi ìrẹsì ránṣẹ́, Bàbá wa á ní òkúta wà nínú rẹ̀. Wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún yìí, wọ́n pe Nímọ́tà, àkọ́bí wọn tí Ìyá Ràfátù fúnra wọn sọ lórúkọ, wọ́n ní kó mú kálámù. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1977 ni wọ́n sọ, Nímọ́tà sì kọ ọ́. Wọ́n ní kí a kà á lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ìsìnkú wọn. Wọ́n tún ní, “Àyè kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Ìyá nínú àgbàlá. Èmi àkọ́bí ni mo ti gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Barnabas ka ìwé yìí ná, kó wá sọ ibi tí ẹ ó sin mí sí.” Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 1996, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Àwọn kan nínú ẹbí ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Màmá Helen ní ohun tí olóògbé ní ká kọ ni ká kọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn olóògbé ni ìyàwó wọn, Helen, àwọn ọmọ wọn, Nímọ́tà ní Àrándùn, Timothy ní Èkó, àti Dọ́káàsì ní Ìlọrin, ọmọ-ọmọ méje, àti àbúrò wọn, Barnabas.

Nímọ́tà àti Màmá gbé ìwé náà lọ sí Kàdúná. Bàbá Kàdúná kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, “Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá fi ń káwọ́ sẹ́yìn tí mo bá délé. Mo rò pé inú ló ń bí wọn sí mi.” Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Mo dárí jì í. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Barnabas ti dárí jì í tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Ìyá yẹn, tèmi ni.”

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, itẹ́ òkú ìjọ ni a ń lọ, a kò lọ sí agboolé. Bàbá Kàdúná ni yóò gbé ìhà orí pósí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Onídíńgí, ọmọ Ràfátù, ẹ sùn re níbi tí àbúrò yín fi yín sí.