Kọ́bọ̀ Tí Kò Nihò

Bàbá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Àná ni wọ́n sin Bàbá Lámídì, ọ̀rẹ́ yín apẹja, ní Ajah. Mo kúrò nílé wa tuntun n'Ílàsàn, mo lọ. Mi ò lè wo ojú àwọn ọmọ ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí ọwọ́ yín ṣe mọ owó? Ojú yín ti fọ́ kí n tó gbọ́njú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè rẹ́ yín jẹ létí ọ̀sà níbi tí ẹ ti ń tún àwọ̀n ṣe. Tọ́rọ́ ní igun lára. Etí ṣílè máa ń ha èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀. Ti kọ́bọ̀, ihò àárín ẹ̀ ni ẹ máa ń fìka wá. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn gan-an.

Nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó, tíṣà fi àwọn tuntun hàn wá ní kíláàsì. Orí Ọbabìnrin ti kúrò, ẹṣin méjì àti ẹyẹ ló wà níbẹ̀. Kọ́bọ̀ ti kéré, kò nihò rárá, wọ́n ya ibi tí wọ́n ti ń wa epo sẹ́yìn ẹ̀. Kọ́bọ̀ náà ni wọ́n sì tún ń pè é o! Ó yẹ kí n sáré wá sọ fún yín. Irun ni mo fẹ́ lọ dì. Mo mọ̀ pé ẹ ó mú mi jókòó, ẹ ó máa bi mí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ní ó di ọ̀la.

Ọ̀la ọ̀hún ni Bàbá Lámídì fi kọ́bọ̀ tuntun kún owó iṣẹ́ yín. Ẹ wá ihò títí. Ẹ jù ú lù ú láyà, ẹ pè é lólè tó gé páànù fún afọ́jú. Àwọn èèyàn ń pariwo pé owó ni, ẹ ò gbà. Ọ̀dọ̀ mi lẹ kọjú sí, torí èmi lojú yín. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó bi mí ìdí tí mi ò fi tètè sọ, mo dákẹ́. Hàà, Bàbá mi, mo dákẹ́!

Nígbà tí ẹ wá mọ òótọ́, ojú tì yín débi pé ẹ ò jẹun. Ẹ rán mi kí n lọ bá yín bẹ̀ ẹ́. Mo dé iwájú ilé ẹ̀, ó ń ṣàlùwàlá, ìtìjú mú mi, mo pẹ̀yìn dà. Mo wá purọ́ fún yín pé ó kọ̀. Láti ọjọ́ náà ẹ ò dé etí ọ̀sà mọ́, ọdún yẹn náà lẹ kú. Ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi?

Kọ́bọ̀ yẹn kò ra nǹkan kan mọ́ báyìí, àwọn ọmọ mi ló ń fi ṣeré.

Lánàá, ìyàwó Bàbá Lámídì dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Ó ní títí ọkọ òun fi kú ló ń retí pé ẹnì kan á ti ilé wa wá. Kò bínú rí, Bàbá. Ó kàn ń retí ni. Bí ẹ bá ti pàdé, ẹ dákun, ẹ sọ fún un pé ẹ rán ẹnì kan.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ rán níṣẹ́ tí kò jẹ́ ẹ.