Wọ́n Ti Dojú Korobá Rẹ Délẹ̀

Safinat ọmọ mi,

Mo kí ọ tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé omi ń yọ ní Àbújá yẹn, ṣé oòrùn ibẹ̀ kò pa ọ́ jù? Ọlọ́hun tó dá ọ sí di òní á tún máa dá ọ sí, àárẹ̀ ò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ, etí rẹ̀ á di. Má fi àdúà yìí ṣeré o, ṣe àmín sí i dáadáa, nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi Badmus bàbá rẹ sunkún òkú rẹ láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà, ojú ṣì ń tì mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Gbogbo ilé wà dáadáa. Ìyá rẹ Raliat kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló máa ń rán pé kó sọ fún bàbá àgbà pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ewúrẹ́ pupa yẹn ti bímọ. Káṣú wa so lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á ń díbọ́n bí ẹni pé àánú wa ló ń ṣe wọ́n.

Jẹ́ kí n wá tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo ń ti oko bọ̀ lórí ọ̀kadà Zachariah, ọmọ ará Ikaram tó máa ń gbé wa, mo gbé iṣu sórí ẹsẹ̀, a dé oríta, mo gbójú sókè báyìí, ni mo rí ojú rẹ. Ojú rẹ gàgàrà, lórí bánà tó tóbi tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù! O wọ aṣọ dúdú gbọọrọ yẹn àti fìlà onígun mẹ́rin tó o fi jáde ní kọ́lẹ́jì Ọ̀kà, ò ń rẹ́rìn-ín, àwọn ojú mìíràn wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ. Safinat, ìwọ náà mọ Ìkàrẹ́. Ta ni wọ́n ń gbé ojú rẹ̀ kọ́ sí oríta tó bẹ́ẹ̀ nílùú wa bí kì í bá ṣe olóṣèlú tàbí òkú? O ò sì du ipò kankan tí mo mọ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ, mo rí 2012, wọ́n fa ilà kékeré kan, wọ́n kọ 2015 tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọdún ìbí àti ọdún ikú gan-an nìyẹn. Mo fò sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà ò tíì dúró. Iṣu fọ́n ká, orí mi fọ́ dígí Zachariah, orúnkún mi bó. Ọmọkùnrin náà ní kí n fara balẹ̀ kí òun ka gẹ̀ẹ́sì tó wà lókè fún mi, mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, ṣé èmi ló fẹ́ máa ka ikú ọmọ mi fún ni.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò ronú. Mo ronú o. Mo ní ọdún 1994 la bí ọ, wọ́n wá kọ 2012, àṣìṣe nìyẹn. Mo ní 2015 tí wọ́n ní o kú yìí, o ṣì wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn rẹ̀, o sì jẹ ẹran dáadáa, àṣìṣe nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ bánà nílùú yìí, kò sí ohun tí wọn kì í ṣì kọ, wọ́n ti gbé àwòrán ọmọ olóòkú síbi tó yẹ kí òkú wà rí, kí ẹni ẹlẹ́ni tó pariwo. Nítorí náà mo dárí jì wọ́n lórí ti ọdún, mo gba ikú gbọ́. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ gan-an ni pé láti ìgbà tí a ti ń gbin àgbàdo ni fóònù rẹ ò ti wọlé mọ́, a ti wá jẹ àgbàdo náà tán.

Ni mo bá sunkún délé. Ìyá rẹ gbọ́, ó ṣubú lulẹ̀. Àlùfáà Muhydeen dé pẹ̀lú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀, ó ti ń ṣe àdúà fún ẹni tó lọ, àwọn aládùúgbò kún ìta, Tàwàkálítù alágbàdo sísun pa iná rẹ̀, ó wá jókòó ti ìyá rẹ. Èmi náà ń ké pé ọmọ mi tó jẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba ní Àbújá ló lọ yìí o, ọ̀gá àgbà, ẹni tí wọ́n ń wà ní mọ́tò kiri. Mo wá ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ àmì kọ́lẹ́jì ló wà lára bánà, kọ́lẹ́jì ló máa mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọ sí, ni a bá kó sí bọ́ọ̀sì, ó di Ọ̀kà.

Nígbà tí a gun òkè dé kọ́lẹ́jì yín, kí ni mo rí? Wọ́n ń jó! Àwọn ọmọ iléèwé ń fun fèrè, wọ́n ń pín ìrẹsì. Inú bí mi, mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ gbé òkú ọmọ mi kọ́ sí oríta, ẹ wá ń jẹ ìrẹsì lé e lórí. Mo sọ fìlà mi mọ́lẹ̀, mo yí gbiri nínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Fèrè dákẹ́. Màmá Theresa tó ń ṣọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin nígbà tiyín, orí rẹ̀ ti funfun báyìí, òun ló sáré wá dì mí mú, tó ní kí n dìde, pé ta ló kú? Mo nawọ́ sí bánà, nítorí wọ́n gbé òmíràn kọ́ sí ẹnu ọ̀nà wọn níbẹ̀ náà. Ó wò ó, ó wò mí, ó wá sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́. Ó ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ àwọn tó jáde ni òní. Ó ní àwọn tó wà lórí bánà ni àwọn ọmọ tí kọ́lẹ́jì ò gbúròó wọn mọ́, pé ọdún tó wà lábẹ́ wọn ni ọdún tí wọ́n wọlé àti ọdún tí wọ́n jáde, pé ohun tí gẹ̀ẹ́sì òkè ń sọ ni pé kí àwọn aráàlú bá kọ́lẹ́jì wá àwọn ọmọ náà, kí wọ́n lè padà wá kí iléèwé wọn.

Ojú tì mí, Safinat. Iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà nínú irùngbọ̀n mi. Àlùfáà Muhydeen bẹ̀rẹ̀ sí í wo sánmà, ó padà sọ nínú bọ́ọ̀sì pé àdúà òun kì í ṣòfò, pé òun máa yí i sí ti ẹ̀mí gígùn.

Kí ojú má baà tì mí jù ni mo bá gbọnra nù, mo ní kò burú, kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi wà, ojoojúmọ́ la jọ ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n pè é kó kí yín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi sí ibi tí gbogbo èèyàn á ti gbọ́. Obìnrin kan dáhùn, mo kí i kú ilé, mo ní bàbá Safinat ni, mo ní kó bá mi fún ọ ní fóònù, kò tilẹ̀ kí mi padà, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ ní gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá jọ ń gbé yàrá kan náà ni, kó lọ, kò lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo àwọn èèyàn náà wá ń wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn.

Màmá Theresa ní kí a bi àwọn tó wà lára ògiri. Àṣé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tí wọ́n wà lókè òkun ò lè wá, wọ́n kó ojú wọn sára ògiri gbọ̀ngàn, wọ́n ń mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan tiẹ̀ ń jẹun. Mo rí Olúyọmí tí ẹ jọ gbé yàrá nígbà náà, tó máa ń wá jẹ iyán nílé wa. Mo yí lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn kí n lè dì mọ́ ọn, àfi adìyẹ ni mo bá níbẹ̀, mo sì gbọ́ tí àwọn èèyàn inú gbọ̀ngàn ń ní kí bàbá máa padà bọ̀, kò sí lẹ́yìn ògiri. Mo padà. Olúyọmí kúnlẹ̀ kí mi lára ògiri níbẹ̀, ó ní o ti jáde kúrò nínú gúrúùpù wọn tó wà lórí wáńsáàpù. Mo ní ta ló lé ọ jáde, ṣé ẹrù rẹ ò sí níbẹ̀, ṣé wọ́n fún ọ láyè kó o wá ibòmíràn kí o tó jáde? Ó ní kò sẹ́ni tó lé ọ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán mọ́tò wọlé, tí wọ́n ń gbé ilé tí wọ́n kọ́ wọlé, o ní ó dìgbà tí ìwọ náà bá ní nǹkan tí wàá gbé wọlé kí o tó padà. Ó wá ní àbúrò òun rí ọ lọ́jà kan ní Àbújá, lábẹ́ agbòòrùn, níbi tó o ti ń ta tòmátì àti ata, pé bó o ṣe rí i lo fa híjáàbù bojú.

Ohùn ògiri yẹn ń dún o, ọmọ mi. Gbogbo wọn ló gbọ́. Tàwàkálítù tó gbọ́ mi láàárọ̀ pé ọ̀gá ni ọ́ níléeṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, ó kàn ń tún gèlè rẹ̀ dì.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ báyìí. Rárá. Kì í ṣe tòmátì ló tì mí lójú. Ata ni ìyá tó bí mi lọ́mọ tà, mo sì jẹ nínú owó rẹ̀ yó. Ohun tó tì mí lójú ni pé Olúyọmí tó wà ní Kánádà, tí kò lè jáde lára ògiri, mọ ibi tó o wà, èmi tí mo bí ọ ò mọ̀. Mo mọ ọdún tí a bí ọ débi tí mo fi ń bá bánà jiyàn, n ò mọ̀ bóyá o wà láàyè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kéde pé ó tó àkókò omi. Ìwọ mọ àṣà yín jù mí lọ. Wọ́n ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sórí òkè báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tó jáde ṣì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, kálukú pẹ̀lú korobá tó lò nígbà tó wà níbẹ̀, wọ́n á pọn ọ́n wá fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti fi wẹ̀. Màmá Theresa mú mi lọ síbi tí wọ́n tò wọ́n sí. Tìrẹ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ tí o fi ọ̀dà pupa kọ kò tíì parẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá wá fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e. Wọ́n ní bàbá ò gbọdọ̀ pọn ọ́n, pé ẹni tó ni ín ni. Mo ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó ni ín wá fún mi, mo ti ń wá a láti àárọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sódò pẹ̀lú orúnkún tó bó, mo pọn ọ́n gun òkè, ó dà sí mi lára títí, ìdajì ló kù tí mo fi dókè. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀midọ̀tun ló gba omi náà, ará Sosan ni, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun Safinat. Mo ní màá jẹ́ ẹ. Mo ti jẹ́ ẹ fún ọ yìí.

Awakọ̀ tó ń lọ sí Àbújá ni mo fi lẹ́tà yìí rán. N ò mọ ọjà tó o wà, nítorí náà mo gé ojú rẹ kúrò lára bánà oríta, mo fún un pé kó máa fi hàn nídìí gbogbo àtẹ tòmátì. Má bínú. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra dígí fún Zachariah, ó ń wakọ̀ láìrí ẹ̀yìn. Bí kò bá sí, má wá a lójú méjèèjì, pe ìyá rẹ nìkan, nítorí ó ní òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ àfi tí òun bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ. Tí o bá sì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, má gbé nǹkan kan wọlé. Sálúbàtà tó o wọ̀ lọ sọ́jà ni kí o wọ̀ wá.

Ọlọ́hun á ṣílẹ̀kùn àánú fún ọ. Ọjà rẹ á tà, tòmátì rẹ kò ní rà mọ́ ọ lọ́wọ́. Èmi kò ní sunkún rẹ mọ́, ìwọ ni wàá sin mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Badmus.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Nígbà tí ọmọ yẹn dá korobá padà, mo ní kó má da omi inú rẹ̀ nù tán. Díẹ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀, mo gbé e síbi tó wà pẹ̀lú omi náà. Ẹni tó bá fẹ́ dojú rẹ̀ délẹ̀ mọ́, àfi kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ tutù.