Wákàtí Méjì tí Ìdrís Fi Ṣiṣẹ́

Ìkòròdú,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bàámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí Màámi. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà, kí orúnkún tó ń dà yín láàmú sì ti fúyẹ́. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí.

Ẹ ní kí n wádìí bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi Ìdrís ń ṣiṣẹ́ ní Ìmọ́ta, torí àwọn àna tí ẹ fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó fún un lọ́wọ́ wọn máa bi yín. Ẹ tún ní rédíò sọ pé àwọn tí kò níṣẹ́ ti dín kù. Mo ti rí Ìdrís. N kò tilẹ̀ wá a lọ. Iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń bá ìjọba ṣe, láti máa bèèrè lójúlé dójúlé ẹni tó níṣẹ́ àti ẹni tí kò ní, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ilé kẹrìnlá tí mo kàn lọ́jọ́ náà, lẹ́bàá Èbúté, òun ló ṣílẹ̀kùn. Ojú ti àwa méjèèjì. Ọ̀gá mi dúró tì mí, mo bá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ẹ ṣe iṣẹ́ tó mówó wọlé, ì báà jẹ́ wákàtí kan péré?" Ó ní, "Mo bá wọn kó yanrìn nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Wákàtí méjì."

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù pé ó níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣe tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n ń kà á sí. Nísinsìnyí wákàtí kan ti tó. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè. Rédíò ò purọ́, Bàámi. Kóńgò ni wọ́n pààrọ̀, gààrí ò pọ̀ sí i.

Nígbà tí ọ̀gá mi lọ síwájú, Ìdrís ní, "Rọ̀kí, o ti kọ ọ́ pé mo níṣẹ́. Bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàámi." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló gbọ̀n mí. Ó ti rù. Láti oṣù kẹfà niṣẹ́ Ìmọ́ta ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú ni kò jẹ́ kó wálé.

Ohun tí mo kọ fún ìjọba, n kò lè kọ ọ́ sí yín. Ìdrís ò níṣẹ́. Ẹ bẹ àwọn àna kí wọ́n ní sùúrù, kí ẹ sì pè é wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ. Á fi àwa náà ṣe ìtura fún yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Rọ̀kíbátù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: iṣẹ́ tèmi náà parí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọn ò sì sọ ìgbà tí òmíràn máa wà. Mò ń bọ̀ nílé. Ẹ bá mi sọ fún Màámi kí wọ́n fi díẹ̀ nínú ẹja tí wọ́n ń tà sílẹ̀ fún mi láti yan. Bí mo bá ti fi wákàtí kan yan án, tí wọ́n tà á, èmi náà ti níṣẹ́ nìyẹn.