Àgbàdo Jàrátù Lórí Ìwọ̀n

Ilé wa, Arandun.

Tómilọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn? Àwa náà wà, ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọlọ́run tó mú ọ dé yunifásítì kò ní jẹ́ kí o bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Motún àbúrò rẹ ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù fún mi. O ní ọ̀gá rẹ kò tíì fọwọ́ sí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ, ó ní dátà rẹ kò nọ́mà. Ó dùn mí o. Lójú ẹsẹ̀ ni mo lọ bá Lubabah tó ń ta káàdì fóònù, mo ní kí ó fi dátà mìíràn tó nọ́mà ránṣẹ́ sí ọ. Bí èyí náà bá tún ń ṣe ségesège, má bá a jà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

O tún ní ọ̀gá náà ń bèèrè nípa àgbàdo tí o wá wọ̀n nígbà ìkórè, ti àwa tí a gbin irúgbìn àtijọ́ àti ti àwọn tí wọ́n gbin tuntun, bóyá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan dá dúró, tí kò fara ti ti ẹlòmíràn. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ló lè dá dúró ní Arandun? Jàrátù ìyàwó Bùkárì gbin tuntun yẹn, agbọ̀n kan péré ló rí kó, a ó wá jẹ́ kí ojú tì í níwájú ìwọ tí o ti Ìbàdàn wá? Bí o ti wọn tèmi tán tí o dorí kọ ìwé tí ò ń kọ, ni a gbé àpò mi gba ẹ̀yìn ilé lọ fún un, òun náà gbé e sórí ìwọ̀n. Bámigbóyè, tí òun náà gbin àtijọ́ bíi tèmi, yá àwọn tó kù tí wọ́n gbin tuntun ní tirẹ̀. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, oníkálukú gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìdí nìyẹn tí o fi ní bí a bá pín in lórí-ò-jorí, apá méjèèjì kò ju ara wọn lọ, pé irúgbìn tuntun kò burú. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé wọ́n fara ti ara wọn dáadáa, kò sí ẹyọ kan tó dá dúró. Inú rẹ̀ á dùn, á fọwọ́ sí i.

Àwọn ará Òkè-Onígbìn ti gbọ́ pé ọmọ wa ní irúgbìn náà dára, wọ́n ti ń gbà á láti gbìn. Èmi kò ní gbìn ín ní tèmi.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Oúnjẹ wa ì bá tó wa, àmọ́ àwọn ọmọ Jàrátù ló ń bá wa jẹ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí gbogbo ayé gba ohun tí o kọ gbọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ambrose.