Ààmì Tó Purọ́ Lára Púlì Ọkọ̀ Tíṣà

Èmi, tí gbogbo ọlọ́kọ̀ àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ẹ́ńjìnnì, tí orúkọ tí bàbá mi sọ mí sì wà ní kíkún lára èèpo ìwé yìí kí lọ́yà má baà bínú, mo kọ ìwé ìhágún yìí nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán gangan. Orí mi pé, ojú mi ríran, ara mi sì le ju bí dókítà ṣe rò lọ. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, àti ẹ̀yin lọ́yà tí mo yàn láti bójú tó bí a ó ṣe pín in, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí mo mọ ọmọkùnrin mi: ibi tí a bá ti dárúkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń kà.

1. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí à ń gbé, mo fi í sílẹ̀ fún ọkọ mi títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ó di ti àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ́gbọọgba. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wó ògiri ilé ìdáná nítorí afẹ́fẹ́. Fèrèsé wà níbẹ̀, ẹ ṣí i.

Ẹ̀yin ọmọ ò mọ bí bàbá yín ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Ó gbé ọkọ̀ kan wá, bó bá ti dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé rọ́bà afẹ́fẹ́ kan ti yọ nídìí kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Mo tì í padà, ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún dé, rọ́bà kan náà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo fi wáyà dì í pinpin, mo ní kò tún lè yọ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó dé, wọ́n sì ti fi ẹ̀mú gé wáyà náà. Mo wo ojú rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mi ò sọ ọ́ ni, torí èmi náà ti ń wo ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

2. Ṣọ́ọ̀bù yìí, àpótí sípánà pupa, jáàkì méjèèjì, àti irin pẹlẹbẹ tí mo fi ń wọn àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì, mo fi wọ́n fún ọmọbìnrin mi tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá kò sí nínú àpótí náà. Kò sí níbẹ̀ láti bí ogún ọdún, má wá a.

Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ dáa ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ìkánjú rẹ pọ̀. Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá ń gbọ̀n lójú kan, má sáré lọ yí dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Kọ́kọ́ dúró tì í, kí o gbọ́ ọ. Fi ẹ̀mú onírọ́bà fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí o bá fà tí ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà, ibẹ̀ ni ọ̀lẹ wà. Wo púlọ́ọ̀gì ibẹ̀. Wo àwọn rọ́bà afẹ́fẹ́ bóyá wọ́n ti sán. Wo kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ ti jó. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá dáa tán ni kí o tó fọwọ́ kan táímínì, ìyẹn àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ta sí epo. Bó bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa kan kọ̀kọ̀kọ̀ bó bá ń gun òkè. Bó bá pẹ́ jù, ọkọ̀ á máa wọ́ ẹsẹ̀, á sì máa gbóná. O ti mọ gbogbo èyí. Mo kọ ọ́ torí o máa ń fo ìdajì rẹ̀ bí oníbàárà bá ti dúró tì ọ́.

3. Dígí ńlá ara ògiri ọ́fíìsì, àga tó ń yí, àti ológbò ṣọ́ọ̀bù, mo fi wọ́n fún ọmọkùnrin mi, onígbàjámọ̀.

Mo mọ̀ pé ìwọ àti ológbò náà kò gbọ́ra yín yé. Ó ti ha ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ṣì gbóná ló fẹ́ràn láti sùn lé, nítorí náà bá a wá ibi tó móoru. Wọ́n tún sọ fún mi pé o ń wí kiri pé ojú ń tì mí nítorí o kò ṣe iṣẹ́ mi. Irọ́ gbáà. Láti ìgbà tí o ti ń gé irun bàbá rẹ ni mo ti ń rí etí rẹ̀. Inú mi dùn sí ọ gan-an, mo sì kọ ọ́ síbí kí lọ́yà lè kà á sókè, kí àbúrò rẹ gbọ́.

4. Púlì irin kan, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì, wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Òun gan-an ni ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Ká ní torí ilé àti sípánà ni, mi ò bá ṣì sún un síwájú.

Ẹ mọ̀ pé èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlá báyìí tó ti kó àpótí rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun òpópónà, tí kò sí ohun tó ń kọjá láàárín wa ju ìkíni òwúrọ̀ lọ. Ohun tí ẹ gbọ́ ni pé ó ba ọkọ̀ tíṣà, oníbàárà wa, jẹ́, èmi sì tún un ṣe. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Bó ṣe rí nìyí.

Ọkọ̀ funfun tíṣà ń gbọ̀n. Àbúrò mi wo ohun gbogbo bó ti yẹ, ó pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, ó sì so iná táímínì mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní. Iná yẹn máa ń ṣẹ́jú sórí púlì iwájú ẹ́ńjìnnì. Ó yí dísítíríbútọ̀ títí ààmì ara púlì fi bọ́ sórí nọ́ńbà tó yẹ. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì tíṣà padà dé, ọkọ̀ ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì lè gun òkè. Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà, aránṣọ òdìkejì òpópónà pàápàá wà níbẹ̀. Mo nu ọwọ́, mo tú bóòtù dísítíríbútọ̀, mo fi etí lásán yí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi ń lọ geere. Mo wá gbójú sókè, mo sọ létí gbogbo ènìyàn pé àbúrò mi ń lo tọ́ọ̀ṣì láti gbọ́ràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Alátọ́ọ̀ṣì. Ó di ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, tíṣà ní kí n tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo yọ púlì, mo rí i pé rọ́bà tó so irin inú rẹ̀ mọ́ irin òde ti gbó, irin òde sì ti yí kúrò ní àyè rẹ̀ tó ìbú ìka kan. Ara irin òde yẹn ni ààmì wà. Ààmì náà ló ń purọ́. Àbúrò mi ṣe ohun tí a kọ́ ọ, ó ṣe é dáadáa, irin ló tàn án jẹ. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Etí mi kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Èmi sì ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ló yẹ kí n ti kọ́ ọ pé kí a tó gba ààmì kankan gbọ́, kí a yọ púlọ́ọ̀gì kìíní, kí a ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò rẹ̀, kí a fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí igi náà kò fi ní gòkè mọ́, kí a wá wò ó bóyá ààmì wà lórí òdo. Mi ò kọ́ ọ, torí èmi náà kì í ṣe é.

Mo gbé púlì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní màá sọ fún un lọ́la. Ọ̀la yẹn ti di ọdún méjì. Ojú ń tì mí. Mo fẹ́ràn àbúrò mi, n kò sì fìgbà kan dẹ́kun. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo máa ń rọra rìn kí n lè gbọ́ orin tó ń kọ sí ọkọ̀.

5. Àbúrò mi: n kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún un.

Lọ́yà bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú. Lọ́yà kan náà ló ṣàlàyé fún mi pé ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń fẹ́, àti pé ẹni tí a bá pín ogún fún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí mo bá fi ẹ̀bẹ̀ mi sínú ogún, ìgbà tí mo bá kú tán ni yóò gbọ́, kò sì ní rí mi bú. Ó yẹ kó rí mi bú. Nítorí náà ni mo ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ogún, kó lè wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo ti ní kí ọmọbìnrin mi lọ pè é wá fún aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù máa ń kún. Mo pe tíṣà, mo sì pe aránṣọ. Lọ́yà yóò ka ẹsẹ kẹrin sókè létí gbogbo wọn, bí èmi náà ṣe sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ mi létí gbogbo wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan kan, màá gbé púlì náà lé e lọ́wọ́ fúnra mi. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ogún. Bí kò bá wá, àyè rẹ̀ nísàlẹ̀ yóò ṣófo, ìwé yìí kò sì ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mi ò ní wá ẹlòmíràn. Màá máa tẹ́ àga sílẹ̀ dè é ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún mi, torí bí mo bá kú kó tó dé, lọ́yà nìkan ni yóò jẹ ìgbádùn ìjà yín.

Mo fọwọ́ sí i: Ìyá Ẹ́ńjìnnì, mẹkáníìkì, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta. Èyí ni Ẹtì kẹta tí a tẹ́ àga.

Ẹlẹ́rìí kìíní: aránṣọ òdìkejì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀ lónìí.

Ẹlẹ́rìí kejì: àbúrò rẹ̀, mẹkáníìkì, ìpẹ̀kun òpópónà. Mo yẹ púlì náà wò fínnífínní kí n tó fọwọ́ sí i. Mo jẹ́rìí pé orí ẹ̀gbọ́n mi pé. Ó pé ju bó ṣe wà ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn lọ.