Kẹ̀kẹ́ Tí Bàbá Kì Í Gùn

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi. Ìròyìn kan ń bẹ tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín: ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín nígbà ayé yín ti ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló gba ilẹ̀ oko yín, èmi ni mo jogún ìbàdí.

Ṣé ẹ rántí kẹ̀kẹ́ ológeere yẹn? Ṣéènì rẹ̀ ti já tipẹ́, ẹ ò tún un ṣe. Ẹ kàn máa ń fara ti ọwọ́ rẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ẹ ó sì máa tì í lọ sóko. Ẹ lè fi gbogbo àárọ̀ kọ ebè, kò ní rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ nàró kí aládùúgbò lásán, ẹsẹ̀ yín á kú, ẹ ó máa wá ibi jókòó. Tí ẹ bá ń kí ìrun nàfílà nílé, rúkúù yín, ìyẹn ìtẹ̀ba orí ìrun, máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé fi ń yìn yín pé ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ ò já wọn ní koro rí.

Èmi tíṣà, tí mo ń pàṣẹ fáwọn ọmọ lórí ìlà pé kí wọ́n nàró ṣánṣán, ojú ń tì mí pé baba mi ń bẹ̀rẹ̀ kiri ìlú Ìlerò. Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà fún Rájí tó ń tún ọ̀kadà ṣe, mo sì ra ọ̀pá gíga kan fún yín kí ẹ lè máa nàró. Ẹ dúpẹ́, ẹ tún ṣàdúà fún mi. Láti ìgbà náà, ẹ ò dé oko mọ́. Mo rò pé ogbó ni. Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò bá mi jà?

Lóṣù tó kọjá, dókítà kan ní Ṣakí fi àwòrán ẹ̀yìn mi hàn mí. Ihò kan wà nínú eegun ẹ̀yìn tí àwọn iṣan ẹsẹ̀ ń gbà kọjá. Tèmi ti fún nísàlẹ̀. Tí mo bá nàró, á tún fún sí i, á há àwọn iṣan náà mọ́. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á là díẹ̀, ara á tù mí. Ó ní kí n máa ti nǹkan tó ní ọwọ́ tí mo lè dì mú níwájú mi tí mo bá ń rìn. Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí.

Mo lọ bá Rájí. Adìyẹ kan ti sọ kẹ̀kẹ́ yín di ibùsùn. Ó fẹ́ fi ṣéènì tuntun sí i, mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí Ìyá rí mi bí mo ṣe ń tì í wọlé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí wọn, wọ́n ní ọkọ àwọn ti toko dé.

Lánàá, mo tì í dé ìdí igi òrí tó wà lẹ́bàá oko. N kò jókòó rárá lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún díẹ̀. Ká ní n kò gba kẹ̀kẹ́ yìí lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà ì bá máa débẹ̀ títí tí ẹ fi kú. Ẹ dárí jì mí.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ fáwọn ọmọ lórí ìlà pé kí kálukú dúró bó ṣe tù ú lára. Èmi náà dúró níwájú wọn, mo fara ti kẹ̀kẹ́ yín.

Èmi ni,
Ọmọ yín tó ń bẹ̀rẹ̀ kiri ìlú.